Aurora àti Porcupine's Gazette: Ta Ló Bá John Adams Wí Bó Ṣe Yẹ?

Ìlú Philadelphia kan náà ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn méjèèjì, Ààrẹ John Adams kan náà ni wọ́n sì bá wí lórí ìjà ojú òkun tí Amẹ́ríkà bá Faransé jà láti 1798 sí 1800.

Aurora, ti Benjamin Franklin Bache, gbà pé Adams ń wá ogun. Ní June 16, 1798, ó tẹ lẹ́tà Talleyrand, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Faransé, jáde kí Adams tó fi í ránṣẹ́ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ akọ nìyẹn! Àwọn ará ìlú fojú ara wọn rí i pé ọ̀nà ìjíròrò kò tíì dí. Kò pẹ́ tí ìjọba fi mú Bache, kí òfin tó de ẹnu àwọn oníròyìn tó jáde ní July. Ohun tó dùn mí ni pé ó tún ń fi ogbó àti eyín kíká bú Adams. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń darí ọkọ̀ ogun.

William Cobbett, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ni Porcupine's Gazette, fẹ́ ogun ní tirẹ̀. Ó ń yin Adams títí di February 1799, tí Adams yan William Vans Murray láti lọ bá Faransé sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Láti ìgbà náà, èébú ló kù.

Aurora ni mo fara mọ́: ó fún òǹkàwé ní ẹ̀rí. Ìbínú ni Cobbett fún wọn, ìjíròrò tó sì kọ̀ yẹn ló parí ìjà náà ní Mortefontaine, ní ilẹ̀ Faransé, ní September 1800.