Ọsibítù ajá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde: màmá tó ń fọ ilé ajá ló gba ọmọ ajá mi là

Alẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba ni, ọmọ ajá mi ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, bọ̀dá tó jókòó sídìí tábìlì níwájú sì ń sọ fún mi pé àwọn ò lè fọwọ́ kàn án àfi tí àlááàtì bá wọlé. Mo ti ṣe tiransifáà yẹn lójú ẹ̀ o, ₦50,000 tí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san, báǹkì ti yọ owó lọ́dọ̀ mi, mo na foonu sí i, ó wò ó, ó ní "Àǹtí, ẹ má bínú, àṣẹ ọ̀gá ni." Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá á mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rí, gbogbo ayé ló wà nílùú, gbogbo wọn ló ń fi fídíò ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Ìmọ̀wò gan-an, agbára káká ló fi rọ́nà láàárín àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń darí bọ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́.

Bruno, ọmọ ajá mi, ò lè gbórí dúró mọ́. Àǹkárá tí mo fi wé e ti tutù rinrin, òórùn yẹn sì gba gbogbo ibẹ̀, ẹni tí parvo, àìsàn fáírọ́ọ̀sì tó ń da inú ọmọ ajá rú, bá ti mú ajá ẹ̀ rí mọ òórùn tí mò ń sọ. Mo ní kí dókítà ṣáà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ká tó máa rojọ́ owó. Bọ̀dá tún tẹ foonu ẹ̀, ó ní kò tíì wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, ó ní kí n lọ jókòó, ó tún wá ní kí n má gbé ajá lé àga torí kó má baà dọ̀tí. Ọ̀rọ̀ àga yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ibẹ̀ la wà tí màmá kan fi jáde láti ẹ̀yìn, mọ́ọ̀pù lọ́wọ́, bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Wọn kì í ṣe dókítà, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn ló ń fọ ilé ajá tí wọ́n sì ń bọ́ wọn. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n gbé ètè Bruno sókè, wọ́n fi ìka tẹ èrìgì ẹ̀, ó funfun, kò sì tètè pọ́n pa dà. Wọ́n fa awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀, awọ yẹn dúró sókè bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá figbe ta: "Dókítà! Omi ti tán lára ọmọ yìí o!" Wọ́n wá kọjú sí bọ̀dá: "Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Bówó ò bá wọlé, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi."

Dókítà sáré jáde, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ọwọ́ ẹ̀ sì yá. Wọ́n fá irun ọwọ́ iwájú, wọn ò rí iṣan, wọ́n bọ́ sí ìkejì, màmá di orí Bruno mú, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́, títí dríìpù fi wọlé. Ó tó bí ààjìn kí àlááàtì yẹn tó dé. Bọ̀dá ò sọ nǹkan kan fún mi, kò tilẹ̀ ní "ẹ pẹ̀lẹ́".

Àmọ́ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ayé ọ̀tọ̀ ni. Yàrá àwọn tó ní parvo dá wà, abọ́ omi tí wọ́n po Jik mọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa ti bàtà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ tó jáde. Nọ́ọ̀sì ní fáírọ́ọ̀sì yẹn lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ ò ràn án, kí n fi Jik fọ gbogbo ibi tí Bruno ti bì nílé. Ó ní àwọn ò ní oògùn tó ń pa á lára ajá, omi tó ń jáde làwọn ń dá pa dà, àwọn ń dá èébì dúró, àwọn ń fún un ní abẹ́rẹ́ kí kòkòrò míì má baà ráyè wọlé, ara ẹ̀ ló máa bá a jà. Wọ́n so ìwé ẹsasáìsì mọ́ àgọ́ ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá bì ni wọ́n ń kọ ọ́, aago mélòó, àwọ̀ wo. Mo kà á. Láago mẹ́ta òru, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó gbé ìrù díẹ̀." Ẹni tó kọ ìyẹn, Ọlọ́run á ṣe é lóore.

Àwọn ọmọ àdúgbò ń yin báńgà ní gbogbo alẹ́ yẹn, àwọn ajá ń gbọ̀n, màmá kó ìró àtijọ́ bo àgọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èébì dá, àwọn náà ló ń fi síríńjì tí ò lábẹ́rẹ́ fún Bruno ní omi adìyẹ tí wọn ò fiyọ̀ sí, kíún kíún, wọ́n á dúró wò ó, wọ́n á tún fún un.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹni tó ta Bruno kó lé mi lọ́wọ́, sítíkà abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, onítọ̀hún sì ní ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé. Irọ́! Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un gún lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ààbò tó gbà nínú ọmú ìyá ẹ̀ lè má jẹ́ kí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gún ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ ka sítíkà o.

Wọn kì í gbé foonu, ìyẹn náà ń bí mi nínú. Tí mo bá pè láti mọ bó ṣe jí, á kàn máa dún ni. Nígbà tí mo sì fẹ́ gbé e lọ, mo rí "owó iṣẹ́ alẹ́" nínú bíìlì, bọ̀dá kan náà ò lè ṣàlàyé ẹ̀, mo san án torí Bruno ti ń fa okùn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bruno wà láàyè, bó bá tún ṣàìsàn, ibẹ̀ náà ni màá gbé e lọ, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá báyẹn rí. Àmọ́ ká ní màmá yẹn ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ló máa kú sí, nítorí àlááàtì. Ọ̀gá ọsibítù, àṣẹ yín ni bọ̀dá yẹn ń tẹ̀ lé, ẹ yí i pa dà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ lálẹ́, ẹ mú káàṣì dání.