Àgbò tí mo yá fún abo àgùntàn mi mẹ́fà

Abo àgùntàn mẹ́fà péré ni mo ní. Kí n máa bọ́ àgbò yípo ọdún nítorí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò bá mi lára mu, ni mo bá yá ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn wọ́n.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà dára. Ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹpọ̀n àgbò náà: méjèèjì dọ́gba, wọ́n le, kò sí kókó níbẹ̀. Ó kun ọ̀dà sí i láyà, kí n lè máa rí àmì rẹ̀ ní ìdí abo tó bá gùn. Ọjọ́ 34 la fi àdéhùn sí, torí abo tí kò bá lóyún yóò tún máa wá akọ ní bí ọjọ́ 17. Nígbà tí mo pààrọ̀ àwọ̀ ọ̀dà, ẹyọ kan ṣoṣo ló gba tuntun, àmì pé àwọn yòókù ti lóyún. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn!

Ohun tó dùn mí ni pátákò àgbò náà: ó gùn jù, ọ̀kan sì ń rùn. Ọpẹ́ ni pé mo ti yà á sọ́tọ̀ kó tó dé àárín àwọn tèmi. Mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi san.

Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bímọ, ní nǹkan bí ọjọ́ 147 sí ìgbà tí wọ́n gba ọ̀dà. Màá tún yá a, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbé wò.