Agisoft Metashape fún jẹ́tì tí omi yí ká: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó

Metashape Professional ni mo fi ń ṣe àwòṣe 3D àwọn jẹ́tì tó wà létí ọ̀sà Èkó láti inú fọ́tò drónù. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀pọ̀ sọ́fútíwià ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ibi tí omi bá ti yí nǹkan ká ni a ti ń mọ èyí tó kún ojú òṣùwọ̀n.

Sọ́fútíwià gbọ́dọ̀ rí àmì kan náà nínú fọ́tò púpọ̀ kí ó tó lè mọ ibi tí kámẹ́rà wà nígbà tí ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Omi kì í dúró sójú kan: ìgbì tó wà nínú fọ́tò kìíní ti lọ kí drónù tó ya èkejì, ìtànṣán oòrùn tó ń kọ mànà lójú omi sì ń sún kiri bí drónù ṣe ń sún. Bí àmì èké bá wọ inú ìṣirò, òpó jẹ́tì á wọ́, etí rẹ̀ á rí págunpàgun, omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ á sì di òkìtì àti kòtò.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Metashape ni Generate Masks, irinṣẹ́ tó ń bo apá fọ́tò tí a kò fẹ́ kí ó wọ inú ìṣirò. Mo máa ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣe àwòṣe tí kò péye, màá gé gbogbo omi tó so mọ́ ọn dànù, màá sì ní kí ó fi èyí tó kù ṣe ìbòjú fún gbogbo fọ́tò, kí n má baà máa fi ọwọ́ fa ààlà jẹ́tì lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni mo ń tún Align Photos (ìṣirò ibi tí kámẹ́rà wà) ṣe, tí mo ń yan Reset current alignment kí ó lè pa ìṣirò ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, tí mo sì ń ní kí ó lo ìbòjú náà fún key points, ìyẹn àwọn àmì tó ń wá nínú fọ́tò. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ga: àwọn táyà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹ́tì kí ọkọ̀ má baà fara gbá a, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ omi tẹ́lẹ̀, á dá dúró tòun ti okùn wọn.

Síbẹ̀, kò sí sọ́fútíwià tó lè tún fọ́tò burúkú ṣe. Nígbà tí omi bá fà tí ìsàlẹ̀ òpó hàn ni mo ń fò, tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀ ó tún dára jù. Ìpín 80 nínú 100 fọ́tò kan gbọ́dọ̀ hàn nínú èyí tó tẹ̀lé e, kámẹ́rà sì gbọ́dọ̀ dagun ní nǹkan bí 45° yí jẹ́tì ká, nítorí pé fọ́tò tí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ nìkan máa ń jẹ́ kí àwòṣe jẹ́tì tóóró tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ bí ọrun. Fílítà polarizer ń dín ìtànṣán kù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń yí padà bí drónù bá ń yípo, n kì í sì gbára lé e nígbà náà. A kò lè gbé àmì ìwọ̀n (àmì tí a ti wọn ibi tó wà gan-an) sórí omi, nítorí náà mo ń fi wọ́n sí orí jẹ́tì àti ìdí rẹ̀, àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀, mo sì ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi yẹ ìṣirò wò. N kì í wọn ohunkóhun tó wà lábẹ́ omi, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ nínú omi, ìsàlẹ̀ á sì dà bí ẹni pé ó súnmọ́ òkè.

Owó rẹ̀ pọ̀: 3,499 dọ́là ni Professional, Standard tó jẹ́ 179 dọ́là kò sì gba àmì ìwọ̀n. WebODM, sọ́fútíwià mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń gba ìbòjú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó ṣe ìbòjú náà. Metashape ń fúnni ní 30 ọjọ́ láti dán an wò. Fọ́tò tí omi gba ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe ti ilé orí ilẹ̀.