Súìṣì kọ́kọ́rọ́ Ìjàpá mi: ohun tí mo rà ní Gáàtì àti iṣẹ́ tí réwáyà ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gun Volkswagen Ìjàpá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta odindi ojú kọ́kọ́rọ́ fún yín bó bá jẹ́ súìṣì ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ihò irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, ọ̀tọ̀ ni ike kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wáyà iná so mọ́. Ike yẹn ló sábà máa ń kú, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó odindi.

Volkswagen tèmi, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní 1973. Ara ọ̀pá sítíárìn ni ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì máa ń ti sítíárìn pa téèyàn bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀, ó ń jí geere. Àmọ́ tí mo bá ti Mọ́níyà dé Dùgbẹ̀ nínú oòrùn, tí mo pa á pé kí n ra nǹkan díẹ̀, kó tún jí di ogun. Màá yí kọ́kọ́rọ́, á dún “kẹ́”, á dákẹ́. Tí mo bá mi kọ́kọ́rọ́ sọ́tùn-ún sósì nínú ihò rẹ̀, nígbà míì á gbà. Nígbà tó yá, tí táyà bá ti bọ́ sí kòtò báyìí, ẹ́ńjìnnì á kú fìrì, á tún jí fúnra rẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, ìlú olókè ni Ìbàdàn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mò ń wá páàkì sí, kí n lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó yí, kí n sì jí i pẹ̀lú jíà kejì.

Mẹkáníìkì kan ní sítátà ni, ó sì ti fẹ́ máa tú u. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mo gbé e lọ bá lágbègbè Gáàtì ò tú nǹkan kan. Ó ní kí n fi jíà sí fírì, kí n fa bíréèkì ọwọ́, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì fi súkúrúdíráfà kan ojú bàbà méjèèjì ẹ̀yìn sítátà pọ̀, èyí tí wáyà bátìrì wà àti èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní 50. Sítátà yí gírígírí. Ó yọrí jáde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fọkàn balẹ̀ lórí sítátà. Iwájú lọ́hùn-ún niná ti ń sọnù.” Nítorí àyẹ̀wò yẹn nìkan, mo fún un ní máàkì tó pọ̀. Kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó sì gbà mí lọ́wọ́ sítátà tí mi ò nílò.

Ọjà páàtì Àràròmí ní Gáàtì la ti lọ ra súìṣì. Oríṣi mẹ́ta la rí. Odindi tuntun pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì nìkan ni ọlọ́jà ń fẹ́ ká rà. Tòkunbọ̀ náà wà, ọlọ́jà ń fi “ojúlówó” búra. Réwáyà mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi súkúrúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i lọ síbi tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi í sílẹ̀. Ńṣe ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lẹ́. Súìṣì tó dáa gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá padà, sítátà á máa yí lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti jí, títí á fi jóná. Ẹ̀kẹta ni ike tuntun nìkan. Nọ́ńbà irú rẹ̀ ni 111 905 865, lẹ́tà kan sì máa ń tẹ̀ lé e. Lẹ́tà yẹn ni kẹ́ ẹ fi wé ti èyí tẹ́ ẹ yọ, torí ó ń yàtọ̀ láti ọdún sí ọdún. Ẹ tún fọwọ́ mi àwọn irin ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Méjì nínú èyí tí wọ́n kó fún wa ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. A mú èyí tó dúró gírí.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n tú bátìrì tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀ o. Sípánà 27 ni wọ́n fi tú nọ́ọ̀tì sítíárìn, wọ́n yọ tíráfíkétà, wọ́n sì dé ibi tí súìṣì wà. Síkúrúù kékeré kan báyìí ló dì í mú. Nígbà tí réwáyà tú ti àtijọ́ palẹ̀ kí n lè rí i, ojú bàbà inú rẹ̀ ti dúdú kirikiri, ike tó yí i ká sì ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibi tí a ti fẹ́ jà ni wáyà. Ó fẹ́ gé e, kó lọ́ ọ pọ̀, kó fi téèpù wé e. Mo kọ̀. Iṣẹ́ téèpù nínú ooru Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ọdún kan ni, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́. Ó ráhùn díẹ̀, ó sì wá orí wáyà tuntun sí i. Ó tún dábàá bọ́tìnì tí a ó máa tẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò parọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n dá ihò sí dáṣíbọ́ọ̀dù mi.

Ohun tó wá tọ́ sí owó jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni rìlé, súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Iná tó ń jí sítátà máa ń rìn láti ẹ̀yìn lọ síwájú sínú súìṣì, á tún padà sẹ́yìn lójú wáyà tó ti gbó. Kó tó débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, pàápàá tí gbogbo nǹkan bá ti gbóná. Rìlé tí wọ́n dè sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítátà ń mú iná rẹ̀ lára wáyà bátìrì tó wà níbẹ̀. Iná díẹ̀ tí súìṣì ń rán wá kàn ń ṣí ilẹ̀kùn fún un ni. Ẹrù sì tún fúyẹ́ lórí súìṣì tuntun. Láti ìgbà náà, oòrùn ọ̀sán kì í dí i lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tó bá ra súìṣì láìfi rìlé sí i, ó ṣì lè padà gbọ́ “kẹ́” yẹn.

Àléébù iṣẹ́ ọ̀hún ò ju bí ó ṣe to sítíárìn padà lọ. Ó tẹ̀ sósì díẹ̀, tíráfíkétà ò sì ń padà fúnra rẹ̀ mọ́ téèyàn bá yà tán. Mo gbé e padà, ó tún un tò láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ ó yẹ kó ti sàmì sí i kó tó yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ mi ṣì ń yọ jáde bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí eyín rẹ̀ ti jẹ. Súìṣì ò jẹ̀bi ìyẹn, ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ni mo máa gbé e lọ bá. Ní báyìí ná, mo ti yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù kúrò lára rẹ̀.