Ọ̀kẹ́ kan ọmọ ogun, kò sí àpò ọkà kan: àgbéyẹ̀wò géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà

Láti ìgbà ìkórè ni ọ̀kẹ́ kan ọmọ ogun mi ti dó ti odi olókùúta kan. Òtútù mú títí omi odò fi dì. Ẹnikẹ́ni ò sá, inú ò run ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò béèrè oúnjẹ. Ìgbà tí géèmù náà wá kọ ọ́ síwájú mi pé ọkàn wọn balẹ̀ digbí, inú bí mi dé góńgó, mo kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á.

Àwòrán rẹ̀ dára, gbogbo yín lẹ mọ̀. Dírágónì inú ẹ̀ pàápàá kò bí mi nínú. Ayé àròsọ ni, kí wọ́n fi ohun tó wù wọ́n síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ènìyàn síbẹ̀, ènìyàn á jẹun, á sì yàgbẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1415 ni Henry Karùn-ún ọba Gẹ̀ẹ́sì dó ti Harfleur ní ilẹ̀ Faransé. Ìlú náà bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, àmọ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn ti pa àwọn ọmọ ogun Henry lọ bẹẹrẹ, ó sì ní láti dá ọ̀pọ̀ aláìsàn padà sílé. Bí oṣù kan péré nìyẹn o. Tèmi jókòó sínú yìnyín, ẹnì kan ò tiẹ̀ wúkọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ní kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn. Mo ṣe é. Mo kọ̀wé padà, mo ṣàlàyé Harfleur fún un, mo fi àwòrán ránṣẹ́. Ó dúpẹ́ pé mo fẹ́ràn ọjà àwọn, ó ní ṣé kí òun pa ẹ̀sùn mi dé? Mo ní kó má pa á dé. Ó pa á dé.

Mo gbé ẹ̀sùn tuntun dìde, mo ní ẹni tó mọ ìtàn ogun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ló dáhùn. Ó bi mí bóyá mo ti wo ìsàlẹ̀ pátápátá níbi ètò, níbi tí wọ́n kọ "ìnira ogun" sí. Pípa ni wọ́n máa ń pa á kí wọ́n tó tà á, torí àwọn olùrà kan ń ráhùn pé ọmọ ogun àwọn ń kú láìjà. Ó ní òun bá wọn jiyàn lórí ẹ̀, wọn ò gbọ́. Mo tàn án.

Háà! Ọkà tán. Àgùntàn gbogbo abúlé tó wà nítòsí tán. Ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ìdọ̀tí àgọ́ ń ṣàn sí. Àwọn ìjòyè ní ogójì ọjọ́ iṣẹ́ ogun tí àwọn jẹ mí ti pé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, kí n sanwó tàbí kí wọ́n máa lọ. Ni mo bá ní kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ odi, kí wọ́n fi igi gbé e dúró, kí wọ́n sì dáná sí igi náà. Ohun tí John ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní odi Rochester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1215 gan-an nìyẹn: ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀ 40 wá, àwọn tó sanra jù tí kò dára fún jíjẹ, ọ̀rá wọn ni iná náà fi jó tí igun kan ilé gogoro náà fi wó. Ẹ lọ wò ó: ilé gogoro ọ̀hún ṣì wà, igun kan rí roboto, torí wọ́n tún un mọ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀ àwọn tó wà nínú ẹ̀ sá sẹ́yìn ògiri àárín, wọ́n ń jà, wọ́n ń jẹ ẹṣin wọn. Ebi ló borí wọn. Géèmù yìí mọ gbogbo èyí! Àwọn tí mo dó tì náà sá sẹ́yìn ògiri. Wọ́n tiẹ̀ lé àwọn arúgbó àti ọmọdé jáde sí mi, kí oúnjẹ lè tó wọn, bíi ti Château Gaillard, odi kan ní Faransé, ní 1203 sí 1204, níbi tí àwọn ará ìlú há sáàárín odi àti ọmọ ogun Faransé tí ebi pa ọ̀pọ̀ wọn kú. Mo jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ìlú inú géèmù náà kò rí bí ìlú. Abúlé mẹ́ta ló pèsè ọ̀kẹ́ kan ọkùnrin yẹn, oko sì ń hù lọ bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń ro ó. Owó orí? Ọba pàṣẹ, wọ́n san, ó parí. Bẹ́ẹ̀ owó ogun tí John ń gbà wà lára ohun tó bí àwọn ìjòyè rẹ̀ nínú tí wọ́n fi mú un fi èdìdì sí Magna Carta, ìwé tó dín agbára ọba kù, lóṣù kẹfà ọdún 1215 kan náà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn ló di Rochester mú. Àwọn tó ṣe géèmù yìí mọ bí odi ṣe ń wó, wọn ò mọ ohun tó ń gbé ènìyàn dé ẹ̀yìn odi.

Mo ṣì ń gbá a lálaalẹ́. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, títí wọn yóò fi máa ta géèmù náà pẹ̀lú "ìnira ogun" ní títàn.