Ogún Ọ̀rọ̀ Tí Ó Di Ogún: Àyẹ̀wò Ẹ̀rọ Trezor Safe 3

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń ra bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tí ó mọ ibi tí owó yìí wà. Ilé wọn ní Ìbàdàn ní ìwé, ilẹ̀ wọn ní sọ́fè, báńkì sì mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí máníjà tí ẹbí lè lọ bá nítorí bitcoin, nítorí pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn àṣírí tí a fi ń ná an, bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni olówó. Ìdí nìyí tí a fi ra Trezor Safe 3, ẹ̀rọ kékeré tí ń tọ́jú irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ará Prague ní orílẹ̀-èdè Czech gbé jáde ní ọdún 2023, ojú ẹni tí ó fẹ́ fi ogún sílẹ̀ ni mo sì fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ó mú kí a yàn án ni pé ó lè pín kọ́kọ́rọ́ sí orí bébà mélòó kan. Bébà mẹ́ta ni a ní kí ó pín in sí, kí èyíkéyìí méjì nínú wọn lè ṣí i; ẹni tí ó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo kò rí nǹkan kan. Ìṣirò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti pẹ́, onímọ̀ ìṣirò Adi Shamir ni ó gbé e jáde ní ọdún 1979. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 20 ni ó wà lórí bébà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó mú ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín pé ogún ọ̀rọ̀ ni ogún àwọn yóò jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń da bébà kejì kọ, wọ́n fẹ́ fà á ya, nítorí pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ti bébà kìíní mu délẹ̀, tí ẹ̀kẹta sì jẹ́ “academic” nínú méjèèjì. Wọ́n rò pé bébà kan náà ni àwọn tún ń kọ. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn: àwọn ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé àwọn bébà náà jẹ́ ọmọ ìyá, láti orí ọ̀rọ̀ kẹrin lọ ni wọ́n ti ń yàtọ̀.

A fi bitcoin díẹ̀ sínú rẹ̀, a pa gbogbo ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́, a sì gbé bébà méjì fún àkọ́bí wọn obìnrin, tí kò fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́tìnì méjì péré ni Safe 3 ní, nítorí náà ọ̀rọ̀ 40 gba sùúrù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti tó láti dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Owó náà yọ padà, kò sì sí kọ́bọ̀ tí ó dín níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni pínpín. Nílẹ̀ wa, ìdí-igi ni a sábà fi ń pín ogún, kí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan jọ mú ìpín kan, àyàfi bí olórí ẹbí bá rí i pé orí-òjorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìpín tirẹ̀, ni yóò mú àlàáfíà wá. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tilẹ̀ dé Privy Council, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún wa nígbà náà, ní London ní ọdún 1962 kí wọ́n tó fi èyí múlẹ̀. Trezor kò mọ ìdí-igi. Bébà méjì ni ó mọ̀, gbogbo owó ni ó sì ń kó fún ẹni tí ó bá mú wọn wá, nítorí náà bí méjì bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá kan náà, wọ́n lè kó o tán kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé. A fún àkọ́bí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, ẹ̀kẹta sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí kò ní ìpín nínú ogún náà. Bí ẹ kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ẹ fọkàn tán, ẹ kọ́kọ́ wá a kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Agbẹjọ́rò tí a kọ́kọ́ lọ bá ní kí a kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú wíìlì. A dúpẹ́, a sì wá ẹlòmíràn, nítorí pé bí ilé-ẹjọ́ bá ti fọwọ́ sí wíìlì lẹ́yìn ikú olóhun, ìwé gbogbo ayé ni ó dà. Ohun tí agbẹjọ́rò kejì kọ ni pé bitcoin wà, àwọn tí bébà wà lọ́wọ́ wọn, àti bí a ó ṣe pín in. Ẹlẹ́rìí méjì sì buwọ́ lù ú, tí ẹnìkankan nínú wọn kì í ṣe ajogún.

Ohun kékeré mélòó kan kù. Bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti ara rẹ̀ kún àwọn ọ̀rọ̀ orí bébà, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àpótí òfìfo ni àwọn ọmọ yóò ṣí. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà àṣírí ẹ̀rọ náà ṣì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún, yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bẹ̀rù, bébà méjì ti tó. Ọ̀pọ̀ àpò bitcoin mìíràn tí ń lo ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 kò lè ka irú bébà yìí, nítorí náà ó yẹ kí orúkọ ẹ̀rọ náà wà nínú ìwé tí ẹ ó fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí omi bá ń dẹ́rù bà yín, nylon ni kí ẹ fi wé bébà náà. Ẹ má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkópì, kí ẹlòmíràn má baà rí àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Dọ́là 79 ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí bitcoin rẹ̀ kò tó ìlọ́po mélòó kan iye yẹn kò nílò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nílò rẹ̀, wọ́n sì ti ní kí n bá wọn wá ẹyọ kan sí i.