Pioglitazone àti Rosiglitazone: Èwo Ló Sàn Jù?

Òògùn àtọ̀gbẹ ni méjèèjì, ọdún 1999 ni Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí wọn. Pùròtéènì kan náà, PPAR-gamma, tó ń pàṣẹ fún àwọn jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, ni wọ́n ń ta jí, kí ínsúlínì, tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló yà wọ́n. Ní 2010, Yúróòpù dá rosiglitazone dúró nítorí ìbẹ̀rù àrùn ọkàn. Amẹ́ríkà dè é, ó sì tú u sílẹ̀ ní 2013. Pioglitazone ní tirẹ̀ máa ń dín ọ̀rá triglyceride kù nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni èmi fara mọ́, bí Faransé tilẹ̀ dá a dúró ní 2011 nítorí jẹjẹrẹ àpòòtọ̀.

Ẹsẹ̀ wíwú ńkọ́? Méjèèjì ló lè fà á: bàtà tó gbà ọ́ láàárọ̀ lè há bó bá di alẹ́.